Ẹ Jẹ́ Ká Jáde: Láti Àárín Dublin dé Howth Lórí Kẹ̀kẹ́

Ìrìn àjò tí a mú wá lóṣù yìí gba ọjọ́ kan péré. Láti àárín ìlú Dublin dé èbúté Howth tó nǹkan bíi kìlómítà 15. Ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì rọrùn láti ṣìnà: bí ẹ bá ti dé Clontarf, ẹ ṣáà jẹ́ kí òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Nílé, ẹni tí kò tíì rówó ra mọ́tò là ń rò pé ó ń gun kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì fẹ́ rí ọmọbìnrin lórí rẹ̀ rárá. Nítorí náà, àwọn òbí kan wà láàárín wa tí wọn kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá ọmọ dúró. Kí ọ̀kan nínú yín bá àwọn ọmọ lọ, kí èkejì wọ ọkọ̀ ojú irin DART lọ pàdé wọn ní Howth pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn náà, ẹ bi ẹni tí ebi ń pa.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí kò fi dandan mú akoto, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà kí ọmọ gun kẹ̀kẹ́ láìdé e.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ ó máa lò lọ́nà: "Dúró!", "Rọra!", "Yà sósì!" àti "Ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá ní kíláàsì nìkan, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, kì í ráyè túmọ̀ "Dúró!" lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní láti gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kó sì tẹ bíréèkì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò dáadáa nínú páàkì Fairview, níbi tí kò sí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣáájú, kí òun náà máa pàṣẹ. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé "Ẹ dúró, Dádì!" ni, kì í ṣe "Dúró!" Tí ewu bá dé tán ṣá o, èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni kó pariwo.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2024 yóò gbé yín gba North Strand àti Fairview dé Clontarf. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun ńlá ọdún 1014 tí ọba Brian Boru kú sí, àmọ́ koríko àti ilé nìkan lẹ ó rí báyìí. Ẹ máa lọ.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ni afárá onígi tó lọ sí Bull Island. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ta ló ṣe erékùṣù yìí? Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Yanrìn ló ń dí ẹnu èbúté Dublin tí ọkọ̀ ojú omi kò fi rọ́nà wọlé dáadáa. Ní àwọn ọdún 1820, wọ́n fi òkúta mọ ògiri gígùn kan wọnú òkun kí omi tó ń fà padà lè máa gbá yanrìn náà lọ. Omi gbá a lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yanrìn wá ń kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, koríko hù lé e, ó sì di erékùṣù tó gùn tó kìlómítà 5.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Èkó, ẹ mọ ẹ̀gbọ́n ìtàn yìí. Irú ògiri òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Yanrìn kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní Lighthouse Beach, ṣùgbọ́n ní ìlà oòrùn, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Orí ibi tí òkun jẹ yẹn ni wọ́n ń da yanrìn sí láti fi kọ́ Eko Atlantic. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe rí i. Kò sí ìwé kíláàsì tó lè sọ ọ́ bíi tiyín.

Láti Oṣù Kẹwàá títí di Oṣù Kẹrin, ẹ ó rí ẹyẹ brent goose níbẹ̀, olórí dúdú tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Láti òkè Kánádà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sá òtútù wá sí Áyálándì. (Ẹ wo ibi tí wọ́n sá wá!) Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ lé wọn.

Láti Sutton, ẹ ó máa bá ọkọ̀ pín ọ̀nà, nítorí náà kí àgbà wà lẹ́yìn, kí ọmọ wà níwájú. Ní Howth, èbúté ti tó. Ẹ jẹun, ẹ wo àwọn síìlì tó ń yọrí nínú omi, kí ẹ fi òkè tó wà lẹ́yìn ìlú sílẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le.

Atẹ́gùn ibí sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ó ń tì yín lẹ́yìn nígbà àlọ, á wá kọjú sí yín nígbà àbọ̀. Bó bá ti rẹ àwọn ọmọ, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú DART. Wọ́n ń gbà á ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún padà, kó so iná mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, kó sì tètè kúrò ní Howth. Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn aago mẹ́rin.