Bẹntiróòlù àbí dísù: èwo ni kí píkọ́ọ̀pù rẹ máa mu?

Bó o bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù fún iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, àwọn èèyàn á ní, "Dísù ni kó o rà o, òun ló lágbára." Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ẹrù tó o fẹ́ kó àti ọ̀nà tó o fẹ́ rìn ló yẹ kó pinnu.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì. Nínú ti bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo àti afẹ́fẹ́. Ti dísù ò nílò púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fún pọ̀ títí á fi gbóná janjan. Bí nósù bá ti fọ́n epo sí i, iná ti sọ nìyẹn. Tó o bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, o mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Ohun kan náà ni. Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún 1897. Orúkọ rẹ̀ la sọ di dísù.

Fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an yìí ló jẹ́ kí dísù rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe pẹ̀lú epo díẹ̀, kó sì fa ẹrù wúwo láì sáré. Lítà dísù kan tún fi bíi 10 nínú 100 lágbára ju lítà bẹntiróòlù lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ lo fẹ́ máa kó láti Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Èkó lójoojúmọ́, ra dísù.

Àmọ́ ẹni tó ń gbé àdìrẹ láti Ìtòkú lọ sí Kútọ̀ ńkọ́? Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dísù gbóná tó bó ṣe yẹ, asẹ́ èéfín àwọn tòde òní sì máa ń dí. Omi tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo lè ba nósù jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bẹntiróòlù ni kó rà.

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, bẹntiróòlù dínwó débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣírò kankan. Ìgbà yẹn ti lọ. Má wo owó lítà nìkan mọ́. Kọ iye kílómítà tó ò ń rìn lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kọ owó epo àti ti mẹkáníìkì tì í, kó o wá pín in. Owó kílómítà kan ló máa sọ òótọ́ fún ẹ.

Owó àjọ tó o fi ọdún mélòó kan dá lo fẹ́ kó sórí mọ́tò yìí. Má jẹ́ kí "òun ló lágbára" nìkan ná an fún ẹ.