Ẹni Tí Ó Ra Etí Odò Kò Ra Odò

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí ó ti di oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, pè mí lórí tẹlifóònù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ọ̀gá," ni ó wí, "mo ti ra odò o!" Mo bi í léèrè pé odò wo. Ó ní òun ra ilé àti ilẹ̀ ní bèbè odò kan ní àfonífojì Bitterroot, ní ìpínlẹ̀ Montana, àti pé bí mo bá lè wá, òun yóò kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìwọ̀ pa ẹja tràótù. Mo kí i kú oríire, mo sì ṣàdúrà fún un bí ó ti yẹ kí àgbà ṣe. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò kúrò létí mi. Èmi tí mo ti ń fi èdè Yorùbá jẹun láti ìgbà èwe mi mọ̀ pé ènìyàn lè ra oko, ó lè ra ilé, ó sì lè ra ilẹ̀ (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn baba wa yóò jiyàn lórí ìyẹn pàápàá). Ta ni ó ra odò rí? Lọ́wọ́ ta ni ó ti rà á?

Mo lọ síbẹ̀. Odò Bitterroot ń ṣàn láti gúúsù lọ sí àríwá láàrin òkè Bitterroot tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn àti òkè Sapphire tí ó wà ní ìlà-oòrùn, títí tí yóò fi darapọ̀ mọ́ odò Clark Fork nítòsí ìlú Missoula. Yìnyín orí òkè ni ó ń yọ́ di omi rẹ̀. Omi náà tutù, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí afárá. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni tràótù ń fẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á yóò ya ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹranko àti òwú di ara ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò tí ń bà lójú omi. Wọ́n á wọ sòkòtò rọ́bà tí ó ga dé àyà. Wọ́n á wọ inú odò lọ, wọ́n á sì máa ju okùn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń fi pàṣán na afẹ́fẹ́. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ náà, wọ́n á fà á súnmọ́ tòsí, wọ́n á yin ẹwà rẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ padà sínú omi. Bí mo bá ròyìn èyí fún apẹja ará Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìlàjẹ, yóò béèrè bóyá ara àwọn ènìyàn náà dá. Ṣùgbọ́n n kò kọ ìwé yìí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró nínú omi yẹn. N kò mú ẹja kankan, inú mi sì dùn débi pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi rí tí ó fi náwó yé mi yékéyéké. Ọ̀rọ̀ "rà" yẹn ni mo ń bá jà.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọ ọ́. Láti Bitterroot dé Madison, dé Gallatin, dé Yellowstone, alágbàtà ilẹ̀ kì í fi bí ilẹ̀ ti lọ́ràá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́, kì í sì í sọ iye màlúù tí ó lè jẹko níbẹ̀. Bí bèbè odò ti gùn tó ni yóò kọ́kọ́ sọ, àti irú ẹja tí ó wà nínú omi. Ní 1976 ni Norman Maclean tẹ ìtàn A River Runs Through It jáde. Ní 1992, Robert Redford sọ ọ́ di sinimá, àwọn ènìyàn tí kò mú ìwọ̀ dání rí sì bẹ̀rẹ̀ sí lá àlá odò. Odò Blackfoot ni ìtàn náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n odò Gallatin ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú àwòrán ìpẹja rẹ̀. Ìwakùsà àti igi gígé ti ṣe Blackfoot fúnra rẹ̀ léṣe nígbà náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kíyè sí i: ẹwà odò kan ni wọ́n fi polówó odò mìíràn. Lẹ́yìn náà ni eré tẹlifíṣọ̀n Yellowstone bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí wọ́n sì wá ń ya á ní àfonífojì Bitterroot gan-an. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí ọ̀pọ̀ olówó rí i pé àwọn lè jókòó sílé ṣiṣẹ́, wọ́n fi ìlú ńlá sílẹ̀, wọ́n dorí kọ òkè. Owó ilé fò sókè débi pé olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ wọn àti nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú wọn kò rí ilé gbé nítòsí ibi iṣẹ́ wọn. Ní 2025, àwọn aṣòfin Montana ṣe òfin tí yóò mú kí owó orí ilé tí ènìyàn kì í gbé títí ọdún ga ju ti ilé tí ó fi ṣe ibùgbé lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ omi ni tèmi.

Òfin-ìpìlẹ̀ Montana ti ọdún 1972 kò fi ọ̀rọ̀ omi sínú òkùnkùn. Ó ní gbogbo omi tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ti orí ilẹ̀, ti abẹ́ ilẹ̀, títí kan èyí tí ó wà ní òfuurufú, jẹ́ ti ìpínlẹ̀ fún ìlò àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ etí odò Dearborn àti ti Beaverhead gbìyànjú láti lé ará ìlú kúrò nínú omi, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà, àwọn adájọ́ sì dá wọn lẹ́bi ní 1984. Ní 1985, àwọn aṣòfin sọ ìdájọ́ náà di òfin: ẹni tí ó bá ti ojú ọ̀nà ìjọba tàbí ẹ̀gbẹ́ afárá wọ inú odò lè máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ nínú rẹ̀, kí ó máa pẹja, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọjá àmì ibi tí omi ń kún dé. Kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Òfin yìí kò já ewé kan lára ohun tí onílẹ̀ rà. Ilẹ̀ rẹ̀ wà síbẹ̀, ilé rẹ̀ wà síbẹ̀, odò náà sì ń ṣàn níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Àwọn kan ṣì ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Wọ́n ní ẹni tí ó ni ilẹ̀ abẹ́ omi ni ó ni orí omi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Colorado nìyẹn: ní 1979, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ dá àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ rọ́bà gba orí odò kọjá lẹ́bi, nítorí pé ilẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ omi jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ní New Mexico, àwọn adájọ́ yàn ọ̀nà mìíràn ní 2022, wọ́n ní ará ìlú lè fi ẹsẹ̀ rin inú odò. Ìlànà ẹrú àti ẹrù kò bá odò mu rárá. Ẹrù kì í fi orí ẹrú kan sílẹ̀ bọ́ sórí ẹrú ẹlòmíràn láàárín ìṣẹ́jú kan. Omi tí ó wà níwájú ilé akẹ́kọ̀ọ́ mi bí mo ti ń kí i káàárọ̀ ti dé iwájú ilé aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn.

Ẹjọ́ tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ti Bitterroot yìí gan-an wá. Omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mitchell Slough. Ó ti ara odò ńlá yà, ó sì tún padà wọ inú rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí àwọn olówó gbajúmọ̀ wà lára wọn, ná owó púpọ̀ lórí rẹ̀: wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tún bèbè rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí tràótù ń gbádùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ará ìlú má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Kí ni ẹ̀rí wọn? Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú omi náà pọ̀ débi pé kì í ṣe odò mọ́, kòtò tí a fi ń bomi rin oko ni. Ilé-ẹjọ́ kékeré gbà fún wọn. Ní oṣù kọkànlá 2008, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ yí ìdájọ́ náà padà pátápátá, ó ní odò ni odò ń jẹ́. N kò lè ṣàìgbóríyìn fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí omi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: ènìyàn á fi owó tún ohun gbogbo ènìyàn ṣe, á sì fi àtúnṣe náà gbà á mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Bí mo bá da ọ̀dà sí ojú títì tí ó kọjá níwájú ilé mi, ṣé mo lè gbégi dínà? Àwa tí a mọ ìyọnu ọmọ onílẹ̀ ní Èkó mọ ẹni tí ń ta ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Irú èyí yàtọ̀ díẹ̀: ohun kan ṣoṣo ni ó rà, méjì ni ó fẹ́ gbé lọ sílé.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni odò, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mu omi rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Salish ni Bitterroot. Nínú àdéhùn Hellgate ti ọdún 1855, wọ́n dá ẹ̀tọ́ wọn dúró láti máa pẹja ní ibi tí wọ́n ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Ní 1872, James Garfield, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wá bá wọn ṣe ìwé pé kí wọ́n kó kúrò ní àfonífojì náà. Charlo, olórí wọn, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìjọba tẹ ìwé náà jáde, àmì Charlo wà lórí rẹ̀! Ọdún mọ́kànlá kọjá kí aṣòfin àgbà kan, Vest, tó wá wádìí, tí ó sì hàn pé àmì náà kò sí lórí ojúlówó ìwé. Ṣé wọ́n wá fi Charlo sílẹ̀? Ní oṣù kẹwàá 1891, nígbà tí ebi àti ìnira ti tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ba, wọ́n kó wọn gba àríwá lọ lábẹ́ ìṣọ́ sójà. Ìdí nìyí tí mo fi ń dẹ́rìn-ín tí ìkorò wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá na ìwé ilẹ̀ sí mi ní àfonífojì yẹn, tí ó ní kí n wò ó, pé gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹja tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà pàápàá, àjèjì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ ni tràótù tí wọ́n ń pè ní cutthroat, nítorí ìlà pupa tí ó wà lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Òun ni àwọn ẹgbẹ́ Lewis àti Clark fi ìwọ̀ mú ní Great Falls ní oṣù kẹfà 1805. Ẹyin tràótù aláwọ̀ ilẹ̀ ti Jámánì dé Amẹ́ríkà ní 1883. Ti òṣùmàrè sì wá láti àwọn odò tí ń ṣàn lọ sí òkun Pàsífíìkì. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń tọ́ wọn dà sínú odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1974, tí Montana dá ẹja dídà sí odò dúró, nítorí ìwádìí odò Madison fi hàn pé ẹja inú odò fúnra rẹ̀ ń ṣe dáadáa bí a bá jẹ́ kí ó sinmi. Owó ta ni gbogbo ìyẹn? Owó ará ìlú ni, àti owó àwọn tí ń ra ìwé àṣẹ ìpẹja.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn onílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àwọn kan nínú wọn, ilé jàn-án-ràn-jan-an-ran ni ì bá kún gbogbo etí odò wọ̀nyẹn báyìí. Ní àfonífojì Blackfoot, láti 1993, àwọn onílẹ̀, ìjọba àti àwọn apẹja ti jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, odò náà sì ti ń sàn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ odò. Àti pé ta ni yóò gbèjà odò nígbà tí wàhálà bá dé? Ní oṣù kẹjọ 2016, kòkòrò àrùn kan pa ẹja lọ rẹpẹtẹ ní odò Yellowstone, ìjọba sì ti nǹkan bí 183 máìlì odò náà pa. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 73 Fahrenheit fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, wọn a máa fòfin de ìpẹja láti agogo méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ooru kò bèèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń ju ìwọ̀ nínú odò kan ni yóò lọ pariwo sí etí aṣòfin nítorí odò náà. Bí ẹ bá ti lé e kúrò nínú omi láti kékeré, kí ni yóò pariwo lé lórí?

Ní alẹ́ tí mo fi múra àtipadà wálé ni akẹ́kọ̀ọ́ mi fi lẹ́tà kan hàn mí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dáwó fún lọ́yà, kí wọ́n lè fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ẹ̀gbẹ́ afárá tí àwọn apẹja ń gbà wọ odò. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kan ti wà láti 2009 pé bí onílẹ̀ bá tilẹ̀ so ọgbà rẹ̀ mọ́ afárá nítorí ẹran ọ̀sìn, ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń lọ sódò. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì tún fìdí ẹ̀tọ́ ará ìlú múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ afárá odò Ruby. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni ẹ rí sí i? Wọ́n ní tí n kò bá dá sí i, n kò fẹ́ràn àdúgbò."

Mo bi í léèrè bí ó ṣe kọ́kọ́ mọ odò yìí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ní ọdún tí òun kọ́kọ́ débẹ̀, tí òun ṣì ń gbé yàrá kan ní Missoula, ọkùnrin arúgbó kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ni ó mú òun gba ẹ̀gbẹ́ afárá wọ inú omi.

"Afárá wo?"

Kò dáhùn. Mo sọ fún un pé bí ó bá fi kọ́bọ̀ kan sí owó lọ́yà yẹn, kí ó má ṣe pè mí wá sí etí odò náà mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣì ń gé máàkì mi." Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín.