Oyè Dókítà Láti Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ń béèrè bóyá oyè dókítà tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì níye lórí. Lójú tèmi, ó níye lórí, bí a bá ṣiṣẹ́ fún un. Láti ọdún 1946 ni Yunifásítì South Africa tí ó wà ní Pretoria ti ń kọ́ni láti òkèèrè, láyé tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti Information Systems, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tí wọ́n sì ń lò ó, wíwà nílé tilẹ̀ ṣàǹfààní. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì tí a ra kọ̀ǹpútà fún ṣì ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé? Ṣé iná ni kò sí ni, àbí ètò náà ni kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu? Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ó lè wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì pọ̀. Ní ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé-iṣẹ́ Axact ní Karachi, tí ó ń ta ìwé-ẹ̀rí, títí dé ti oyè dókítà, lórúkọ àwọn yunifásítì tí kò sí rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà, kí ẹ sì ka iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ní ẹ kò ní ṣe ìwádìí kankan, owó yín ni ó ń wò. Ẹ wádìí pẹ̀lú ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò.