Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ìsinmi Pẹ̀lú Jẹ́ Ọpẹ́

Ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Boundary kọjá ní àkókò yìí, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ti kó adìẹ àti ìrẹsì jáde, àwọn télọ̀ kò rójú sùn, gbogbo ilé ni ó sì ń múra. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé wọ̀nyí kan náà ni a ti rí àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ mú, tí a fi iṣẹ́ abẹ, oògùn líle àti ìtànṣán wò, tí wọ́n sì yè. Nítorí wọn, àti nítorí àwọn tí ń bá wọn gbé, ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Nígbà kan, bí a bá dárúkọ àrùn yìí, ẹkún ni a ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń fi í pamọ́ títí kókó kékeré fi di egbò ńlá. Betty Anyanwu-Akeredolu wà lára àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1997 ni a rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ó sì dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí àwọn obìnrin lè mọ̀ pé àrùn tí a bá tètè rí ṣeé wò. Lẹ́yìn ọdún 25 ó ṣì ń kéde ọ̀rọ̀ náà. Ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú, ọdún 2019 ni a ṣí ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí ó ní àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán. Ẹni tí ó ń ti Boundary lọ síbẹ̀ gba ìtànṣán lè máa lọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Nígbà tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá parí, ilé a yọ̀. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ṣùgbọ́n nínú ayọ̀ yìí gan-an ni ewu kan wà. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ìyá kan parí ìtọ́jú rẹ̀ ní oṣù October. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Ìyá Bọ́lá, ìgbà wo ni a ó wá jẹ ìrẹsì ìdúpẹ́?” A yan aṣọ ẹbí, a háyà àga, a sì fi gbèsè tuntun lé gbèsè ilé ìwòsàn. Àwọn ará ọkọ ń bọ̀ láti ilé. Ẹni tí a ń gbé oúnjẹ fún lánàá ni ó tún dúró ti iná lónìí. Bí ó bá di oṣù January tí ó dùbúlẹ̀, wọn a ní àrùn náà ti padà dé, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa ni a lo agbára rẹ̀ tán.

Àárẹ̀ tí ń tẹ̀lé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í ṣe èyí tí oorun òru kan ń mú lọ. Ó lè bá ènìyàn gbé fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, bí àyẹ̀wò tilẹ̀ fi hàn pé ara ti mọ́. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Síbẹ̀, ìsinmi kò túmọ̀ sí kí ènìyàn dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́: àwọn oníṣègùn rí i pé ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ a máa dín àárẹ̀ náà kù. Obìnrin tí a sì ṣe iṣẹ́ abẹ dé abíyá rẹ̀, apá rẹ̀ ní ìhà ibẹ̀ lè wú. Bí iná bá jó o tàbí bí ọ̀bẹ bá gé e, egbò náà lè tètè di ńlá. Ṣé irú apá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa gún iyán fún ogójì àlejò, tí òróró gbígbóná yóò sì máa ta sí?

Nígbà tí Olúwa wa jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, kò pè fún ìlù, kò sì fẹ́ kí a kéde rẹ̀. Ohun tí ó pàṣẹ ni pé kí a fún ọmọ náà ní oúnjẹ. Nínú àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú, ẹnì kan tí ó padà wá kò mú ohun mìíràn wá ju ohùn ọpẹ́ lọ, a sì tẹ́wọ́ gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé nínú ìjọ kan náà ni ọkùnrin kan jókòó, tí ìyàwó rẹ̀ gba irú àdúrà kan náà, ṣùgbọ́n tí ó kú. Bí a bá ń pariwo pé ìgbàgbọ́ wa ni ó gbà wá là, ọgbẹ́ ni a ń dá sí i lọ́kàn. Ẹni tí ó yè náà pẹ̀lú, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń súnmọ́, àyà rẹ̀ a máa já. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọpẹ́ àti ìbẹ̀rù lè jọ gbé inú ọkàn kan.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkíní, kí ọkọ fúnra rẹ̀ tètè sọ fún àwọn ará ilé bí ọdún yóò ti rí, kí ó má ṣe jẹ́ ìyàwó ni yóò máa bẹ̀bẹ̀. Kí àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, sì gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá wọn. Èkejì, ẹni tí dókítà fún ní tamoxifen lè máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún 5 sí 10. Nítorí náà, bí a bá ń lọ sílé fún ọdún, kí a ka oògùn náà kí a tó wọ ọkọ̀, kí a má sì tìtorí ìrìn àjò pa ọjọ́ dókítà jẹ. Ẹ̀kẹta, kí ìdúpẹ́ mọ níwọ̀n. Kí a pa owó àyẹ̀wò mọ́. Bí ó bá sì ṣẹ́kù, kí a fi san owó ọkọ̀ fún ẹnì kan tí ó ṣì ń lọ gba ìtọ́jú. Ọpẹ́ tí ó dé ilé ẹlòmíràn nìyẹn.

Ààlà ni ìtumọ̀ orúkọ Boundary yìí. Kí olúkúlùkù ilé pa ààlà sí wàhálà ọdún yìí, kí a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí ìlera bá ti gúnlẹ̀ sí ilé kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí àríyá lé e jáde. Kí Ọlọ́run fún gbogbo aláàárẹ̀ ní ìsinmi. Àmín.