Owó pọ́ọ́kú la fi ra ẹran, àkókò gọbọi la fi yan án

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, mo ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é nínú fídíò yín. Ẹran mi le bíi táyà. Owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rà á o." Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ nínú fídíò yẹn. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀. 🧵

Fídíò ọ̀hún ò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ra ẹran àyà màlúù, mo fi iyọ̀ àti ata pa á lára, mo gbé e sínú àgbá, mo dé e. Kíá, ẹran ti rọ̀, mò ń fọwọ́ ya á! Mo wá kọ ọ́ sí i lójú pé "Ẹran olówó pọ́ọ́kú, adùn olówó ńlá." Ẹ pín in kiri gan-an, ẹ ṣeun. Ohun tí mo gé kúrò níbẹ̀ ni wákàtí 9.

Èrò mi rèé, kí n má fi bọpo bọyọ̀: ẹran tó le ò burú rárá, ó sì yẹ ká máa fi èéfín yan án nílé. Àmọ́ àwa tí à ń ṣe fídíò ò gbọ́dọ̀ máa pè é ní olówó pọ́ọ́kú láìṣírò iná, àkókò, àti bí ẹran ṣe ń dínkù. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan ni irú irọ́ yìí máa ń pa lára jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ alápatà. Bódìjà ni mo ti rà á. Nígbà tí mo nawọ́ sí àyà màlúù, ẹni tó ń tà á ní, "Àǹtí, èyí le o. Ẹ jẹ́ kí n gé itan fún yín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó le yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Eyín yín ló máa jẹ́rìí."

Kí ló dé tó fi le? Màlúù ò ní eegun tó so èjìká mọ́ àyà bíi tiwa. Iṣan àyà ló ń bá a gbé ọ̀pọ̀ nínú ìwúwo ara rẹ̀, bó bá dúró, bó bá ń rìn. Màlúù tiwa tó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, ṣé ẹ retí pé kí àyà rẹ̀ rọ̀ bíi àkàrà ni? Kì í sì í lọ́ràá tó ti màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi àgbàdo bọ́ tó sanra. Ìyẹn ni pé tiwa tètè máa ń gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí fídíò Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wa ń wò kọ́ṣẹ́.

Ohun tó ń mú irú ẹran yìí le ni collagen, àwọn okùn funfun tó so iṣan pọ̀. Tí ẹ bá ko iná lù ú, ńṣe ló máa sún kì, tá á tún le sí i. Àmọ́ tí inú ẹran bá gbóná kọjá 70°C, tó pẹ́ níbẹ̀, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi 95°C, collagen á yọ́ di gelatin. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Òun ló ń mú omi bọ̀kọ́tọ̀ dì tó bá tutù.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Ó dà bíi pé ẹran yìí ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Texas ni wọ́n ti sọ ẹran àyà di olókìkí. Àwọn alápatà tó wá láti Jámánì àti ilẹ̀ Czech ló ń fi èéfín yan ẹran tó bá ṣẹ́kù lọ́jà wọn, ní àwọn ìlú bíi Lockhart àti Taylor. Ṣáájú wọn, káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń dúró ti kòtò iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà míì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí: látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹnì kan ló ń fi àkókò rẹ̀ san owó tí ẹran ò gbà, ẹlòmíì ò sì ń ṣírò àkókò yẹn. Lónìí ńkọ́? Ẹran tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ nígbà kan ti di ohun tí wọ́n ń tò sórí ìlà rà níbẹ̀, ó sì ti wọ́n.

Ó dáa, bí mo ṣe ṣe é gan-an rèé. Mo yá àgbá tí wọ́n là sí méjì, tó ní ìdérí, lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja àdúgbò wa. Ẹyin iná wà lápá kan, ẹran wà lápá kejì. Iná ò gbọdọ̀ sí lábẹ́ ẹran. Mo gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà gbẹ. Mo ń fi igi máńgòrò tó gbẹ dáadáa sí i díẹ̀díẹ̀. Èéfín tó fẹ́lẹ́ la fẹ́. Èyí tó funfun tó ki pọ́pọ́, ẹran á korò ni.

Ooru inú àgbá wà láàárín 110°C sí 130°C. Tẹmómítà ni mo fi ń wò ó, mi ò méfò. Nígbà tí inú ẹran dé nǹkan bíi 68°C, ó dúró gbagidi, kò gòkè mọ́ fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì ko iná sí i. Òógùn ló ń yọ lára ẹran, òógùn yẹn ló ń mú un tutù, bó ṣe ń ṣe ara wa gẹ́lẹ́. Mo fi fọ́ìlì wé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó rọ̀, mo jẹ́ kó sinmi fún wákàtí 1, mo wá gé e lòdì sí bí iṣan ṣe nà.

Ṣé ó dùn? Ó dùn dójú ẹ̀. Mi ò parọ́ níbẹ̀ yẹn.

Ìṣirò wá dà? Kílò 3 ni mo rà. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi 1,000 náírà dín sí ti itan lórí kílò kan. Ó túmọ̀ sí pé mo ti fi 3,000 pamọ́. Èédú jẹ 2,500. Èrè mi: 500 náírà. Fún wákàtí 9! Lẹ́yìn náà, mo gbé ẹran tó jinná sórí òṣùwọ̀n: kílò 1.8. Gbogbo ẹran ló ń sún kì lórí iná, mo mọ̀, àmọ́ èyí tó pẹ́ tóyẹn lórí iná máa ń dínkù gan-an. Ẹni tó fẹ́ fi kílò 3 bọ́ ilé, ẹ ẹ̀ rí i pé ó yẹ kó mọ̀ kó tó rà á?

Ohun kejì tí mi ò sọ: mo ba ẹran jẹ́ nígbà kan rí. Ilé wa, a mọ ẹran gbígbẹ. Ẹran tó wà lókè ààrò fún ọjọ́ mélòó kan, tó gbẹ tó ń dún kọ́kọ́kọ́, ẹ lè tọ́jú ẹ̀. Mo wá rò pé torí èmi náà fi èéfín yan tèmi, bákan náà ni. Mo dé e sínú abọ́ sórí kábínẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń rùn. Omi ṣì wà nínú ẹ̀, ṣebí ìyẹn ló mú un rọ̀. Èéfín nìkan kì í tọ́jú ẹran, gbígbẹ ló ń tọ́jú ẹ̀. Kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn tó kúrò lórí iná, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì. Tí wọn ò bá mú iná wá ládùúgbò yín, ẹ yan ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán.

Ohun kẹta ò gba àwàdà: ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Kì í ṣe inú kíṣìnnì, kì í ṣe ọ̀ọ̀dẹ̀. Gáàsì tó ń jáde lára èédú, ẹ ò ní rí i, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má sì fi táyà, ọ̀rá tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà dá iná oúnjẹ.

Ṣé kẹ́ ẹ má ṣe é mọ́ ni? Rárá o. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ wà nílé tí ẹ ń ṣe nǹkan míì, lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi iná kan náà yan ẹja àti àgbàdo, kí owó èédú lè gbéṣẹ́. Tí ẹ ò bá ráyè, ẹ lo ọgbọ́n yìí: ẹ fi èéfín yan ẹran náà fún wákàtí 2, torí ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹran máa ń gba èéfín jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀ àti àlùbọ́sà, ẹ dé e, kí iná rọra jó o títí tá á fi rọ̀. Ẹnu yín ò ní mọ ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èédú yín á sì ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe fídíò, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ kọ wákàtí sí i lójú, ẹ kọ owó iná sí i, ẹ kọ iye tó kù lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ní owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́wọ́ ló ń wò yín.

Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ ni mo dá a lóhùn pé ẹran rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, àkókò ni ò tó. Mo ní kó gé e, kó dà á sínú ìkòkò, kó dé e, kó dín iná kù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ̀wé padà: "Àǹtí, ó ti rọ̀ o. Àwọn àbúrò mi ti jẹun."

Mo ti yọ fídíò àkọ́kọ́ yẹn kúrò. Tuntun ń bọ̀, wákàtí 9 á sì wà lójú ẹ̀ gàdàgbà.