Ìná Ọjà àti Àdéhùn

Ní ọjà Ìrókò, bí ìyá olójà bá pe ẹgbẹ̀rún náírà, tí a ná an ní ẹgbẹ̀rin, tí ó sì kọ̀, a lè yí ọjà ká kí a sì padà wá san ẹgbẹ̀rún náà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni yóò fi dì í fún wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ oko tàbí ilé, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra.

Ní ọdún 1840, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wrench fi oko rẹ̀ lọ Hyde ní 1,000 pọ́n-ùn. Hyde ná an ní 950, Wrench kọ̀. Lẹ́yìn èyí ni Hyde wí pé òun gba 1,000 náà. Wrench kò tà á mọ́, Hyde sì pè é lẹ́jọ́. Adájọ́, Lord Langdale, wí pé kò sí àdéhùn: ẹni tí ó dá iye mìíràn ti pa iye ti àkọ́kọ́, kò sì lè dá nìkan jí i dìde.

Ìlànà yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú ń tẹ̀lé níbi tí òfin Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣe ìdájọ́. Kí a gba ohun gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti fi lọ̀ wá. Kí olúkúlùkù ní ohun tí yóò fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ìbáà ṣe owó tàbí ìlérí. Kí àwọn méjèèjì sì ní in lọ́kàn pé òfin yóò dè wọ́n. (Àṣà ilẹ̀ wa, ní ti ilẹ̀ títà, owó, ẹlẹ́rìí àti fífi ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ ni ó ń béèrè.)

Ìbéèrè, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe kíkọ̀. Ní 1880, nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean lórí irin, olùrà kàn béèrè bóyá a lè fún òun láàyè láti gbà á díẹ̀díẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wí pé iye àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Nítorí náà, bàbá tí ó ń wá ilẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wí pé, "Ǹjẹ́ ẹ lè dín in kù?" kí ó tó dá iye kankan.