Ẹni Tó Jìn Sí Kòtò



Láìpẹ́ yìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kan wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹrẹ̀ látòkè délẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti bó. Sẹmíjàn tó gbé e ló já sínú kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ kòtò náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n yìí ni àwọn òyìnbó fi sínú ọkọ̀. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí MIT ní Amẹ́ríkà de ẹ̀rọ kékeré mọ́ takisí 7 ní Boston. Ẹ̀rọ náà ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń fò, GPS sì ń sọ ibi tó ti fò. Lọ́dún 2012, ìlú Boston gbé Street Bump jáde: fóònù inú ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lọ́dún 2016, Volvo bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Sweden àti Norway. Bí taya ọkọ̀ kan bá yọ̀ lórí yìnyín, ìkìlọ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní èyí ju agbára wa lọ. Rárá o. Ẹ̀rọ tó ń mọ ìmì yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí àwọn onísẹmíjàn wa ń lò lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ní Boston, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ibi tí ọkọ̀ ti ń fò kì í ṣe kòtò, ìdérí irin ojú ọ̀nà ni. Àwọn kan sì kìlọ̀ pé àdúgbò olówó, níbi tí fóònù pọ̀ sí, ni ẹ̀rọ máa rí jù. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ àwọn ọ̀gá nìkan la dè é mọ́ níhìn-ín, ọ̀nà Kútọnu ló máa rí, kò ní rí ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ẹ̀yìn Wàndó. Ohun kan tún wà: onísẹmíjàn tó mọṣẹ́ máa ń yẹ kòtò sílẹ̀. Bí kò bá já sí i, fóònù rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹnu awakọ̀ gbọ́dọ̀ kún ti ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ Asphaltage ti tún ọ̀pọ̀ òpópónà ṣe nílùú wa, a dúpẹ́. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí méríì pe àwọn onísẹmíjàn àti àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìgòlò. Kí ẹni tó bá fẹ́ nìkan kópa, kí ẹnikẹ́ni má sì fi fóònù náà ṣọ́ ìrìn rẹ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ kòtò kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rí i àti ọjọ́ tí wọ́n dí i.

Ẹ̀rọ lè rí kòtò, kò lè dí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ níta gbangba, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kòtò wo ni gbogbo èèyàn mọ̀ ládùúgbò yín?